Ilẹ̀ Tí Bàbá Mi Fẹ́ Bọ́

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Houston gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fáwọn ará ilé láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ẹnjiníà lọmọ àwọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti rò ó lọ́kàn ara wọn pé afárá ni mò ń kọ́, tàbí pé mò ń bá wọn wa epo rọ̀bì. Lórí fóònù, ó rọrùn láti sọ pé "iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Bàbá" ju kéèyàn máa ṣàlàyé ìgbẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bi mí, nídìí oúnjẹ. Èmi, bàbá mi àti ọkọ mi nìkan la wà nílé. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti lọ sí yunifásítì, ọ̀kan ní Austin, èkejì ní Dallas.

"Ìgbẹ́ èèyàn?" ni wọ́n wí.

"Ìgbẹ́ èèyàn ni, Bàbá. Àti ìtọ̀, àti omi ìwẹ̀, àti omi tí a fi fọ abọ́. Gbogbo ohun tó bá ti gba inú páìpù kúrò nílé, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

"Kí lẹ wá ń fi í ṣe?"

Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ ilé ìwé tó bá wá wo ibi iṣẹ́ wa. Mo ní a máa ń kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, ká lè yọ àkísà àti ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú àwọn kòtò ńláńlá tí a fi kọnkéré ṣe, kí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Omi tó bá mọ́, odò là ń dà á sí. Ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ kúrò, a ó yan án títí yóò fi gbẹ wóróworó bíi gàrí. Inú àpò là ń dì í sí, àwọn àgbẹ̀ á sì wá kó o lọ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni bàbá mi ní ilé ìwé girama, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ ìlú wa tó kàwé nígbà tiwọn tí kò gbé ọkọ́ lẹ́yìn wọn rí.

"Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ń lò ó?"

"Wọ́n ń lò ó, Bàbá. Ó ti pẹ́."

Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, àwọn agbépóò ló ń wá kó ìgbẹ́ kúrò nínú ilé, pé béèyàn bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, á sáré wọlé, á ti fèrèsé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọ́n ń dà á sí. "Ebi ń pa ilẹ̀," ni wọ́n wí, "a wá ń da oúnjẹ ẹnu rẹ̀ nù." Ọkọ mi, tó jẹ́ apòògùn, tí kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, ní ká jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun gbé ẹran òun mì ná.

Ikú ìyá mi ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń dá gbé ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́, bí mo bá sì pè wọ́n, ohùn wọn á dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Fulshear là ń gbé, ní ìwọ̀ oòrùn Houston, níbi tí ilé tuntun ti pọ̀ ju igi lọ. Bí ọkọ mi bá ti jáde, tí èmi náà sì ti wọ freeway lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi á jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n á máa wo títì. Wọ́n ní ilẹ̀kùn gáréèjì nìkan ni àwọn mọ̀ ládùúgbò náà. Ilẹ̀kùn á gbéra, mọ́tò á wọlé, ilẹ̀kùn á padà sílẹ̀.

"Ta ló wà nínú mọ́tò yẹn?" ni wọ́n máa ń bi mí.

Èmi náà ò mọ̀ wọ́n.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n ra ṣọ́bìrì fún àwọn. Wọ́n fẹ́ dá ọgbà sẹ́yìn ilé. Mo rà á, inú mi sì dùn, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa kì í ṣe ilẹ̀. Àwọn tó kọ́ àwọn ilé náà ti ha gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó dára kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ́lé tán, wọ́n wá tẹ́ koríko lé orí amọ̀ bí ẹní. Bí òjò bá rọ̀, á máa fà mọ́ bàtà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á là, ọwọ́ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Bàbá mi gbin ilá síbẹ̀, ilá hù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, ó so èso nígbà tí kò tíì léwé. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń rún iyẹ̀pẹ̀ náà láàárín ìka, tí wọ́n gbé e sí imú.

"Kò sí nǹkan kan nínú ilẹ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Ó ti kú."

Bó ṣe di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò ajílẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ mú un lọ fún òdòdó àti koríko ẹ̀yìn ilé wa, àwọn kan sì ń fi í gbin tòmátì, kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Bàbá mi pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, wọ́n bu omi sí i, wọ́n bò ó, wọ́n ń yí i padà lójoojúmọ́ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Wọ́n kọ ebè tuntun. Nígbà tí oòrùn ọdún tó tẹ̀ lé e fi mú, tẹ̀tẹ̀ ti tó èèyàn ní àyà, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ilá, ṣọkọ, ata rodo. Ṣe ni èmi àti ọkọ mi ń yà wọ́n ní fọ́tò, tí à ń fi ránṣẹ́ sílé.

Wọ́n ń fún gbogbo èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní apá Westchase, ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ Sunday, bàbá mi á ti di ẹ̀fọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n á ti tò ó sẹ́yìn mọ́tò. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń gbé apartment mẹ́rin-mẹ́rin, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Ìyá àgbà kan wà tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Cinco Ranch, òun a máa wá fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ rẹ̀ á gbé e wá, òun àti bàbá mi á sì jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa ṣa ewé. Ìgbà náà nìkan ni mo gbọ́ tí bàbá mi dárúkọ ìyá mi láìjẹ́ pé ohùn wọn yí padà.

Ó pẹ́ díẹ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi pe gbogbo wa jọ. Ó ní wọ́n ti yẹ ajílẹ̀ wa wò fún àwọn kẹ́míkà kan tí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò fún tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà lára agbada tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ni, lára aṣọ òjò, lára kápẹ́ẹ̀tì, lára ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi fọ ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ ń bá omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kòkòrò wa ò lè jẹ ẹ́, iná tí a fi ń yan ẹrẹ̀ ò gbóná tó láti pa á. Ó wà nínú ajílẹ̀ náà, ó sì ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kí ẹnikẹ́ni má gbé àpò kankan lọ sílé mọ́," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹni tó bá ti gbin ewébẹ̀ sí i, kó má jẹ ẹ́."

Ẹnì kan bi í pé àwọn àgbẹ̀ tó ti ń kó o lọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ńkọ́. Ó ní àwọn tó wà lókè ṣì ń jíròrò lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà nínú ọgbà. Wọ́n ti já ẹ̀fọ́ kún agbọ̀n kan, wọ́n ń já sínú èkejì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Kí ló dé? Ìyá Cinco Ranch ti wà lọ́nà."

Mo sọ fún wọn lórí ìdúró. Wọ́n tẹ́tí sí mi bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́tí sí ọmọ ilé ìwé tó ń ro ẹjọ́, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ṣé májèlé ni?" ni wọ́n wá wí.

"Kì í ṣe irú èyí tó ń pani lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lára ni, kì í tètè jáde. Díẹ̀ ló wà níbẹ̀, Bàbá."

"Díẹ̀ tó báwo?"

"A ò tíì mọ̀."

Wọ́n wo agbọ̀n náà. "Mo ti fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ," ni wọ́n wí.

Ìyá àgbà náà dé, wọ́n ò sì jẹ́ kó jókòó. Wọ́n sọ ọ́ fún un níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, a ti jẹ ẹ́ tán, ó sì dùn." Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó gbé e wá ò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé e wá mọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ní kí n bá àwọn wá nọ́ńbà gbogbo ẹni tí àwọn ti fún ní ẹ̀fọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn pè. Wọ́n kọ̀. Wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: "Mo fún yín ní ohun tí kò dára. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ní ọjọ́ Sunday, àwọn ọmọ yẹn ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ṣì ń pè wọ́n ní Daddy, àmọ́ bàbá mi ò lè wo ojú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní àárẹ̀ ń mú àwọn, pé ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìsí àwọn.

Wọ́n fa gbogbo ọgbà náà tu. Wọ́n tún wa iyẹ̀pẹ̀ ebè náà sínú àpò pàǹtí, àpò lé àpò, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Mo bá wọn ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́.

"Níbo ni ọkọ̀ pàǹtí ń gbé e lọ?" ni wọ́n bi mí.

"Ààtàn ni, Bàbá."

"Bí òjò bá rọ̀ sí ààtàn náà ńkọ́?"

Mo so ẹnu àpò tó wà lọ́wọ́ mi. Omi tó ń sun lábẹ́ ààtàn, wọ́n máa ń fà á ni, wọ́n á sì gbé e wá fún wa ká tún un ṣe. Bàbá mi wò mí títí, ó sì jọ pé wọ́n mọ ìdáhùn, torí wọn ò bèèrè mọ́.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìdí fèrèsé ni wọ́n ń wà. Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi ń fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọkàn, oògùn tí wọ́n fi ń lè tọ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wọn tò sínú àwọn ìgò tó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbàgàdàgbà sí lára. Bí ara wọn kò bá yá gágá, a rò pé ìbànújẹ́ ni, a sì rò pé á lọ.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé bi mí pé nínú gbogbo ohun tó ń jáde lára èèyàn, èwo gan-an ni irè oko ń jẹ. Mo ní ìtọ̀ ni, púpọ̀ jù lọ. Wọ́n ní àwọn náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ àwọn ò tíì bá kápẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni pàdé nínú páìpù.

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìtọ̀ wọn sínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á dé e pa, wọ́n á gbé e síbi tí oòrùn ń pa sẹ́yìn ilé, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ohun tó lè fa àrùn nínú rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà wọ́n á bu díẹ̀ sínú omi púpọ̀, wọ́n á fi bomi rin ìdí irúgbìn, wọn kì í jẹ́ kó kan ewé. Mo ra iyẹ̀pẹ̀ tuntun fún wọn nílé ìtajà. Tẹ̀tẹ̀ tún hù. Kò sanra bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dúdú dáadáa. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò tilẹ̀ fún wa. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ rí i dájú ná.

Ọkọ mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kì í ṣe èèyàn búburú, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún bàbá mi, àmọ́ kò lè fara da kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ lẹ́yìn ilé tí òun ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń gbé kọfí rẹ̀ tó fẹ́ jáde, ó bojú wo ẹ̀yìn láti inú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní:

"Bàbá, ẹ̀fọ́ yín yìí kò ní í ní ẹ̀jẹ̀ ríru láéláé o. Gbogbo oògùn tí mò ń fún yín, inú ìtọ̀ yẹn ló ń gbà jáde."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi lọ tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá, àmọ́ kò tó nǹkan. Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ á jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló máa kù."

"Díẹ̀ náà lo pe ti àkọ́kọ́," ni wọ́n wí.

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n gbé ife omi wọn, wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo lọ sí ibi iṣẹ́. N kò ro ọ̀rọ̀ náà mọ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Àárọ̀ Saturday kan ni ó ṣẹlẹ̀. Mò ń fọ abọ́, mo sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé kíṣíìnì. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń da omi sídìí ata, wọ́n wá rọra jókòó sórí ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni. Mo fọ abọ́ kan sí i. Nígbà tí mo tún wòkè, ike tó wà lọ́wọ́ wọn ti dojú dé lórí itan wọn, omi ń ṣàn lára ṣòkòtò wọn, wọn ò sì gbé e kúrò. Mo sáré jáde. Apá ọ̀tún ẹnu wọn ti wọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan, ohùn tó ń jáde kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

"Bàbá! Bàbá mi! Ẹ wò mí. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè fún mi."

Ọwọ́ òsì gbéra. Ọ̀tún ò gbéra.

Ní ọsibítù, dókítà bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò, ọkọ mi sì kà á sílẹ̀ lórí, láì fo ọ̀kan. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí irun rẹ̀ ṣì tutù bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ní ó ya òun lẹ́nu, torí bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ga kò jọ ti ẹni tó ń lo gbogbo ìyẹn. Ọkọ mi ní òun ń lọ gbé àwọn ìgò náà wá. Nígbà tó padà, kò gbé ìgò kankan dání. Agolo Milo kan ló gbé lé mi lẹ́sẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Mo ṣí i. Oògùn ló kún inú rẹ̀, funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, gbogbo èyí tó yẹ kí bàbá mi ti máa gbé mì. Wọ́n ti tẹ́ bébà sísàlẹ̀ agolo náà kí ó má bàa rin.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti rí i," ni ọkọ mi wí. "Wọ́n ń yọ ọ́ nínú ìgò lójoojúmọ́ kí n lè rò pé wọ́n ń lò ó." Ó jókòó. "Kí ló dé tí wọn ò kàn dà á nù?"

Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá dà á sínú pàǹtí, ààtàn ni. Bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú náà ni. Bàbá mi ti rò ó yíká, wọn ò sì rí ibì kankan tí wọ́n lè dà á sí tí kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

"Mo kàn ń ṣeré ni," ni ọkọ mi wí. "Ṣé o gbọ́? Mo kàn ń bá wọn ṣeré."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Títí di òní, ìyẹn ni gbogbo ohun tí àwa méjèèjì tíì bá ara wa sọ lórí rẹ̀.

Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù. Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn wa láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní HOA. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní àwọn aládùúgbò ti ń ráhùn nípa òórùn kan, pé ẹnì kan sì ti rí àwọn kẹ́ẹ̀gì láti ojú fèrèsé òkè ilé rẹ̀. Mo ní ara bàbá mi ò yá. Ó ní ó dun òun gan-an. Ó tún wá ní, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí a jọ̀ọ́ gbé wọn kúrò.

Ọkọ mi ló gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì náà wọlé. Inú ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń dà wọ́n sí, kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń fi omi ṣàn wọ́n lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn náà le, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, n ò mọ̀ bóyá òórùn ni tàbí nǹkan míì. Ìtọ̀ bàbá mi láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ oògùn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wewu kó lè mọ́. Mo fẹ́ sọ pé kó dúró. Ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí a ó fi ìtọ̀ náà ṣe bó bá dúró. Àwọn tó ń gé koríko ládùúgbò wá wó àwọn ebè náà, wọ́n sì tẹ́ koríko tuntun sí i.

Bàbá mi wà nílé báyìí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí a gbé sí pálọ̀, torí wọn ò lè gun òkè mọ́. Rọ́bà ló ń gba ìtọ̀ wọn sínú ọ̀rá. Èmi ni mo ń da ọ̀rá náà nù láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, obìnrin tó ń bá wa tọ́jú wọn á sì dà á lọ́sàn-án. Gbogbo oògùn ló ti padà sínú rẹ̀, ó sì lé sí i.

Ní ibi iṣẹ́, a ò di àpò mọ́. A ṣì ń yan ẹrẹ̀ náà, torí kò síbi tí a lè gbé e sí ní tútù, ṣùgbọ́n ààtàn ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń kó o lọ tààrà. Àgbẹ̀ kan tó ti ń lò ó kí n tó débẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ kan, òyìnbó arúgbó kan, ó sì dúró síta pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti wá yẹ omi kànga òun wò. Ó ní màlúù òun ńkọ́, ilẹ̀ òun ńkọ́, kí ni kí òun ṣe sí i. Ọ̀gá mi fún un ní nọ́ńbà ibi tí yóò pè. Ó ní òun ti pè é. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó wá gbé fìlà rẹ̀ dé, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní wọ́n máa ra ẹ̀rọ kan tó lè mú kẹ́míkà náà kúrò. Wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ó pẹ́. Mo ti lọ sí àwọn ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ ọ́, mo sì ti bá wọn ya àwòrán ibi tí a ó gbé e sí. N ò gbà gbọ́ mọ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé bí a kò bá lọ, ìgbẹ́ á kún gbogbo ilé. Bí mo bá ń wakọ̀ kọjá lójú títì Westpark lọ́wọ́ àárọ̀, tí mo rí àwọn ilé tuntun tí wọ́n tún ń kọ́ lọ síwájú sí i, tí wọ́n ti ha ilẹ̀ wọn di pupa, tí páìpù tò sẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ máa bọ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Nàìjíríà ń sọ pé ká gbé Bàbá bọ̀ wálé. Kò sẹ́ni tó wà nínú ilé Bàbá níbẹ̀ mọ́. Dókítà náà sì ní wọn ò lè wọ ọkọ̀ òfúrufú báyìí, bóyá kí wọ́n má tilẹ̀ wọ̀ ọ́ mọ́.

Obìnrin kan wà tí ó máa ń wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àwòrán ló máa ń tò síwájú wọn: ife, bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn, aṣọ. Á ní kí wọ́n fọwọ́ òsì kan èyí tí wọ́n bá fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bó bá ti tò wọ́n, wọ́n á di ojú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ náà kọjá pé wọn ò lè ṣe é, pé wọn ò fẹ́ ni, àti pé báwọn ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún òun bá ti rí i pé kò sí ìtẹ̀síwájú, wọ́n á ní kí òun má wá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún gbìyànjú sí i. Ó gbìyànjú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì kó àwọn àwòrán rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo fá irùngbọ̀n wọn. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ilé dákẹ́. Mo fi aṣọ gbígbóná bò wọ́n lójú ná kí irun náà lè rọ̀, mo fi ọṣẹ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ìmọ̀lára mọ́. Wọ́n jẹ́ kí n gbé orí wọn síbi tí mo bá fẹ́.

"Bàbá, ṣé abẹ náà ń ta yín?"

Wọ́n ń wò mí. Mo dúró, bóyá wọ́n á mi orí. Nígbà tó pẹ́, mo yí orí wọn sí òdìkejì, mo ń fá a lọ.